Òfì Kẹrìnlá

Èmi, ọmọ àgbẹ̀ tó sá fún oko,
ni mo wá ń gbowó oṣù ní Burnley
kí ẹnikẹ́ni má baà fọwọ́ kan koríko.

Oníṣẹ́ ọnà kan ló bu erùpẹ̀ sórí òfì irin
nínú ilé òwú tó ti kú,
ó fọ́n irúgbìn sí i,
ó ṣí òrùlé sílẹ̀ fún òjò, ó bá tirẹ̀ lọ.
Ìpáàrà ń jẹ irin,
koríko ń jẹ ìpáàrà.

Lánàá, Màmá Entwistle wọlé.
Ariwo òfì ti gba etí rẹ̀ látijọ́.
Kò wo ìkìlọ̀ ara ògiri.
“Ẹ̀kẹrìnlá. Tèmi nìyí.”
Ó tẹ ìka bọ koríko,
ó ń wá òwú tó já,
bí ìyá tó ń wá iná lórí ọmọ.

Iṣẹ́ mi ni kí n pariwo.
Mo kọjú sí fèrèsé,
mò ń wo òjò.