Kí Wọ́n Tó Dí Ọ̀nà

Ó ku ọjọ́ mẹ́sàn-án.
Voirrey Skillicorn ti gbé àga igi jáde nínú àká,
ó ti nù ún, ó ti sá a sí oòrùn tí kò tíì pinnu bóyá yóò ràn.
Ẹsẹ̀ mẹ́ta ni àga náà ní;
òkúta ni ẹ̀kẹrin.

Ọ̀nà ṣì jẹ́ ọ̀nà.
Ọkọ̀ àwọn ọmọ ilé-ìwé kọjá láago mẹ́jọ,
apínlẹ́tà dúró, ó fún un ní àpòòwé kan láti Bremen.
Àgùntàn Kewley mẹ́ta já ọgbà,
wọ́n ń yan lójú títì bí ẹni tó san owó orí.
Ológbò ilé, tí a bí láìní ìrù bí ọ̀pọ̀ irú rẹ̀ ní erékùṣù Man,
jókòó sórí ògiri, ó ń wò wọ́n níran.
Màlúù tí kò nírù, Olúwa ní í bá a lé eṣinṣin;
ológbò tí kò nírù, ta ni yóò bá a lé alùpùpù?

Tó bá di ọjọ́ náà, ọ̀nà tí a ń gbà lọ ra búrẹ́dì
yóò di odò tí ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ là kọjá.
Wọn yóò di tìmùtìmù mọ́ òpó iná,
mọ́ igun ṣọ́ọ̀ṣì, mọ́ ẹnu ọ̀nà ilé ọtí,
bí ẹni ń fi ọ̀já gba ìyá ọlọ́mọ tuntun níkùn.
Máìlì mẹ́tàdínlógójì lé díẹ̀ ni àyípo kan.
Kọ́nà rẹ̀ ju igba lọ.
Ẹni tó bá gbàgbé ọ̀kan ṣoṣo,
ọ̀kan ṣoṣo yẹn kò ní gbàgbé rẹ̀.

Ọdún 1907 ni eré náà ti bẹ̀rẹ̀.
Breeshey, ìyá ìyá rẹ̀, sọ fún un pé
eruku àti ìgbẹ́ ẹṣin ni ojú ọ̀nà nígbà náà,
pé nígbà tí eré kọ́kọ́ gba ẹ̀gbẹ́ òkè Snaefell,
géètì darandaran ṣì ń bẹ lọ́nà:
ẹni tó bá ṣíwájú ni yóò sọ̀ kalẹ̀ ṣí i,
ẹni tó bá kẹ́yìn ni yóò tì í.
Breeshey a sì rẹ́rìn-ín: "Nínú eré wo ni ẹ tún ti rí i
tí iwájú ń ṣe ìránṣẹ́ fún ẹ̀yìn?"

Ogun dá a dúró lẹ́ẹ̀mejì.
Àrùn ẹran ọ̀sìn dá a dúró lọ́dún kan.
Àrùn tó fi ìbòmú bo gbogbo ayé dá a dúró lọ́dún méjì.
Lọ́dún méjèèjì yẹn, Voirrey ṣì gbé àga jáde.
Ó jókòó. Ó gbọ́ ẹyẹ.
Ó ní àwọn ẹyẹ ò burú, ṣùgbọ́n wọn ò mọ bí a ti ń yí jíà.

Mo háyà yàrá òkè lọ́dọ̀ rẹ̀. Mo bi í pé àwọn tó ti kú ńkọ́,
nítorí wọ́n pọ̀; òkè yẹn kì í jẹ́ kí a kọjá lọ́fẹ̀ẹ́.
Ó bu tíì sí i.
Ó pẹ́ kó tó ní: "Orry, àbúrò mi, àsíá yẹ́lò ló ń jù ní kọ́nà yẹn,
ọdún mọ́kànlélógún.
Kì í wo ẹni tó gbapò kìíní. Ẹni tó ṣubú ló ń wò."
Tíì náà tutù.

Lẹ́tà Bremen ní: ṣé àyè àgọ́ mi ṣì wà lábẹ́ igi ápù?
Bàbá Detlef ló kọ́kọ́ pàgọ́ síbẹ̀;
lọ́dún yìí, Wiebke ọmọ rẹ̀ ni yóò wa alùpùpù,
bàbá yóò sì gùn ún lẹ́yìn.
Voirrey kọ èsì: "Ó wà. Ẹ mú aṣọ òjò."

Ohun tí kò kọ sí i ni pé
etí òun ti lọ láti ìgbà òtútù.
Tẹ́lẹ̀, láti ìdí ààrò ló ti ń mọ
ẹni tó tètè tẹ bíréèkì, ẹni tí ẹ̀rù ń bà.
Ní báyìí, híhó omi gan-an ti di àhesọ.

Lánàá, ó rò pé n kò rí òun.
Ó jókòó, ó fi àtẹ́lẹwọ́ lé òkúta ògiri,
ó pa ojú dé.
Ọkọ̀ wàrà kan ń bọ̀ láti ìsàlẹ̀;
kí n tó gbọ́ ọ, ó ti mi orí.

Nílé wa, a máa ń fi kìlọ̀ fún aláròyé pé ògiri létí.
N kò mọ̀ pé ó máa ń yáni lò.