Òkun Inú Bàrà

Apẹja ni Torebay ọkọ mi tẹ́lẹ̀.
Ní Moynak la ń gbé, níbi tí òkun ti kó ẹrù rẹ̀
láìdágbére, tó fi àwọn ọkọ̀ ojú omi sílẹ̀ lórí iyanrìn
bí òkú ẹranko tí kò sẹ́ni tó fẹ́ sin ín.

Omi kànga wa níyọ̀.
Tíì wa níyọ̀. Afẹ́fẹ́ pàápàá, bó bá ti àríwá fẹ́ wá,
a máa fi iyọ̀ kun ètè ọmọdé.
Torebay wá kórìíra omi:
ife kan láàárọ̀, ife kan lálẹ́, ó parí.
Ìtọ̀ rẹ̀ ṣú bí tíì tó sùn mọ́jú.

Parahat, dókítà wa, ọmọ tí mo gbẹ̀bí ìyá rẹ̀,
so rọ́bà mọ́ ọn lápá, ó fẹ́ atẹ́gùn sí i, ó mirí.
“Bàbá, ẹ̀jẹ̀ yín ń ru. Kíndìnrín yín ń tọrọ omi.
Ẹ dín iyọ̀ kù. Ẹ má fi oògùn yìí ṣeré.
Bí omi kò bá sì gba ọ̀fun yín kọjá, ẹ jẹ bàrà.”

Ó rẹ́rìn-ín. Bàrà kẹ̀?
Oúnjẹ àwọn ọmọ tó ń da màlúù!

Èmi ni mo gbìn ín lẹ́yìnkùlé,
sínú ilẹ̀ tí gbogbo àdúgbò ti pè ní àgàn.
Omi tí mo fi ṣan ìrẹsì ni mo ń bù fún un.
Ó fà bí okùn ọkọ̀, ó kan ẹsẹ̀ ògiri,
nígbà tó di oṣù kẹjọ, ikùn yọ.
Omi kan náà tí à ń ṣépè fún ló mu;
ó fi iyọ̀ sílẹ̀ nísàlẹ̀, ó gbé adùn gòkè.
Ta ló kọ́ ọ?

Torebay fi ìka kàn án, gbọ́ń,
ó dẹtí bí ẹni ń yẹ ìdí ọkọ̀ wò bóyá ó ti lu.
Ọ̀bẹ kò tíì wọlé tán tó fi sán, kàà!
Pupa rẹ̀ bẹ́ sí wa lójú.
A fi búrẹ́dì gbígbóná jẹ ẹ́ bí ìṣe wa,
omi ń ṣàn lágbọ̀n ọkọ mi, ó dé ìgbúnwọ́,
ó ń lá a.
Parahat ní pupa yẹn ń bá iṣan ẹ̀jẹ̀ ṣọ̀rẹ́,
ó ń dẹ̀ ẹ́ bí ẹni ń tú okùn tó fún jù.
Àbúrò mi Ziyada, tí ìtọ̀ ṣúgà ń bá fà á,
mú ẹ̀là kan, ó jẹ ẹ́ dé funfun, ó fọwọ́ bo àwo:
“Adùn náà ní ìwọ̀n tirẹ̀.”
Ewúrẹ́ gba èèpo. Mo sá kóró sóòrùn.

Lóru, ó dìde. Ó tún dìde.
Mo ń gbọ́ ọ lẹ́bàá ògiri, ó ń rọ̀ bí òjò,
mo ń fi ìrọ̀rí bo ẹ̀rín.
“Bàrà rẹ kò jẹ́ n sùn,” ló ń kùn.
Ẹlẹ́ẹ̀kẹta, kò padà wọlé.
Mo bá a lóòró nídìí ìtàkùn,
àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ lórí èyí tó kù.

“Bibiaysha,” ó ní, “ó tutù bí ara ẹja.”

Ọgbọ̀n ọdún rèé, n kò gbọ́ ẹja lẹ́nu rẹ̀.
N kò dáhùn. Mo jókòó tì í.
Mo kan bàrà náà lẹ́ẹ̀kan, gbọ́ń,
àwa méjèèjì dẹtí.