Fáìlì Kejì

Ti àkọ́kọ́, mo gbàgbé láti tẹ bọ́tìnì pupa.
Wákàtí kan ààbọ̀ ni Bàbá Làmídì fi sọ̀rọ̀;
afẹ́fẹ́ ọ̀sà Ẹ̀pẹ́ nìkan ló gbà á sílẹ̀.

Lónìí mo fi ìbọ̀sẹ̀ bo ẹnu máíkì,
mo ní kí ọmọ rẹ̀ pa jẹnẹrétọ̀.
"Bàbá, ọdún wo lọkọ̀ yín dojú dé?"
Ó dákẹ́.
Ìbéèrè mìíràn ti dé orí ahọ́n mi,
mo gbé e mì.

Iná pupa ń ṣẹ́jú.
Omi ń lá ẹsẹ̀ òpó.
Ó wúkọ́, ó ní,
"Ọdún tí Sílífátù ò bá mi padà wálé."

Nílé, mo ki íápíìsì bọ etí:
ìṣẹ́jú kan gbáko, kò sọ́rọ̀ níbẹ̀.
Ọ̀gá ní òfìfo ni, kí n gé e dànù.
Ọwọ́ mi kọ̀.