Mápó Lábẹ́ Apá

Ìwé kan dé láti Àbújá sí ṣọ́ọ̀bù mi l'Ókè-Àdó:
aṣọ ìwọ́de, méjìlélọ́gọ́ta, fún àwọn eléré ìdárayá wa,
ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré, ìdajì owó.
Wọ́n fi bébà kan há a lẹ́yìn,
ọ̀rọ̀ mẹ́ta ló wà níbẹ̀:
kékeré, àárín, ńlá.
Mo wo bébà náà títí.
Ó lé lógójì ọdún tí mo ti ń fi téèpù wọn ara ọmọ ènìyàn,
n kò tíì pàdé ẹni tó ń jẹ́ Àárín.

Àdìrẹ ẹlẹ́kọ ni mo kọ́kọ́ tẹ́ síwájú wọn, Ìbàdàndùn,
òpó Mápó tò lọ bí ọmọ ogun,
ìyẹ́ adìyẹ ni Ìyá Àwẹ̀ró fi yà á ní Kúdẹtì.
Ọkùnrin ìgbìmọ̀ bọ́ awò ojú rẹ̀, ó tún fi í sójú.
"Màámi, ó rẹwà. Àmọ́ Ìbàdàn nìyí,
kì í ṣe Nàìjíríà."
Mo bi í pé níbo gan-an ni Nàìjíríà dúró sí,
kí n lè lọ ya àwòrán rẹ̀.
Ó rẹ́rìn-ín. Kò fèsì.
Àwọ̀ ewé ni kí n ṣe, kí funfun là á láàárín.

Ewé wo?
Ewé tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀, àbí èyí tí ọyẹ́ ti lù?
Ìyá Àwẹ̀ró ní kò sí ìkòkò tí à ń pè ní ti ewé.
Aṣọ á kọ́kọ́ wọ aró,
ẹ̀ẹ̀kan, ẹ̀ẹ̀mejì, á sá lóòrùn, á gbẹ,
ká tó rì í sínú omi egbò orúwọ tó pọ́n bí ìyeyè.
"Aró kì í kú," ó ní. "Inú ewé ló ń sùn sí."
Ọwọ́ Sàfúrátù ọmọṣẹ́ mi di ewé títí dé ìgúnpá,
ìyá rẹ̀ rò pé àìsàn ni.

Ní ọjọ́ kọkànlá, ọmọbìnrin kan bẹ̀rẹ̀ kó tó lè gba ẹnu ọ̀nà wọlé.
Ebiere. Ọmọ odò ni, òkò irin ló ń jù,
pápá Adámásingbà ló ti ń gbára dì.
Yorùbá rẹ̀ ń tiro, ṣùgbọ́n ó ń débi tó ń lọ.
"Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti wọ́de fún orílẹ̀-èdè yìí,
ẹ̀ẹ̀mejèèjì, apá ni mo fi gbé kóòtù mi.
Kò wọ̀ mí.
Wọ́n ní kí n ṣe bí ẹni pé ooru ń mú mi."

Wọ́n ní aṣọ ńlá kọ́ ni ènìyàn ńlá.
Ènìyàn ńlá ńkọ́, tí kò rí aṣọ ńlá wọ̀?

Téèpù mi, tí eku ti jẹ nídìí, kò yí i ká;
mo fi ti Sàfúrátù so ó.
Mo wọn apá nígbà tó nà, mo wọ̀n ọ́n nígbà tó ká,
mo ní kó ṣe bí ẹni pé òkò wà lọ́rùn rẹ̀, kó yí, kó jù ú.
Fáànù orí tábìlì ṣubú.
Abíyá ni mo fún láàyè jù,
ibẹ̀, nínú, níbi tí ìgbìmọ̀ kò ní yẹ̀ wò,
ni mo rán Ìbàdàndùn mọ́:
òpó Mápó mẹ́ta lábẹ́ apá ọmọ odò.
Ó fọwọ́ kàn án. Kò sọ nǹkan kan.

Alẹ́ ìṣíde, iná lọ l'Ókè-Àdó.
Fóònù Sàfúrátù ni a korí jọ lé, bátìrì ti ń pòfóló.
Ó kan tiwa:
ewé ń rìn lábẹ́ iná àjèjì,
aró ń yọjú níbi tí aṣọ bá ti ká.
Ebiere wà létí, kóòtù wà lọ́rùn rẹ̀,
ó na apá ọ̀tún sókè, sókè pátápátá,
mo dijú, mo ń retí kí okùn já.
Kò já.
Fóònù kú.

Owó tó kù kò tíì dé láti Àbújá.
Sàfúrátù ń fi ọṣẹ dúdú bó ọwọ́ rẹ̀ láràárọ̀.
Ewé ti ń lọ.
Aró kò lọ.