Ọwọ́ Lórí Bọ́nẹ́ẹ̀tì

Wàhábì ní kí n má jẹ̀ẹ́ kílẹ̀ mọ́ bá wa nílé.
"Ọkọ̀ oní-dísẹ́ẹ̀lì, ìdájí là á wò ó,
kó tó bọ́jú,
kó tó rántí irọ́ tó fẹ́ pa."

A gun ọ̀kadà rẹ̀ kọjá Alékùwodò,
ìrì ṣì ń kán lórí páànù,
a dé ilé Alàgbà Ọ̀jẹ́tọ́lá lẹ́bàá ojú irin,
ọkùnrin tó fi ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n já tíkẹ́ẹ̀tì
fún àwọn tó ń lọ sí ibi tí òun kò dé rí.

Ó wà lábẹ́ igi máńgòrò: Píjò gbọọrọ,
ẹ̀yìn rẹ̀ gùn bí ẹjọ́ ilẹ̀,
àwọ̀ rẹ̀ bí ẹ̀kọ tó sùn mọ́jú.
Ẹsẹ̀ ilẹ̀kùn ti dógùn-ún.
Gíláàsì ẹ̀yìn kan, bébà ìwé ìròyìn ló fún un mọ́lẹ̀.

Nígbà tí mo sọ fún Mọrẹ́níkẹ́, ẹ̀rín ló fi dá mi lóhùn:
"Ọkọ̀ tó jù ọ́ lọ lọ́jọ́ orí?
O ò ní máa dọ̀bálẹ̀ fún un láràárọ̀?"
Mo ní kó rẹ́rìn-ín tán ná.
Ọmọ wa mẹ́ta, ọmọ aládùúgbò méjì,
àpò ìwé ìṣirò tí mo fi ń kọ́ wọn n'Ílobùú,
ìyá mi tí orúnkún rẹ̀ ti kọ ọ̀kadà sílẹ̀:
ta ló fẹ́ kó gbogbo wa sínú ìdajì owó oṣù?

Wàhábì kò wo táyà, kò wo iná.
Àtẹ́lẹwọ́ ló kọ́kọ́ gbé lé bọ́nẹ́ẹ̀tì
bí ìyá tó ń wò bóyá ibà wà lára ọmọ.
Ó dákẹ́.
"Ó lọ́wọ́ọ́wọ́. Bàbá, ta ló jí i ṣáájú wa?"

Mo ti kẹ̀yìn sí wọn.
Ẹni tó bá tan ẹ́ńjìnnì kí oníbàárà tó dé
ní ohun tó ń fi ooru bò.

Bàbá kò bá wa jà. Ilẹ̀ ló ń wò.
"Èmi ni. Aago márùn-ún ni mo máa ń tàn án
láti gbé Ìyá Dékúnlé lọ sí Asùbíàró,
nọ́ọ̀sì ni.
Ọdún kejì rèé tí n kì í gbé ẹnikẹ́ni lọ síbì kankan.
Mo kàn ń tàn án,
kí àga rẹ̀ lè máa gbọ̀n."

Wàhábì wúkọ́, ó fa ṣòkòtò rẹ̀ sókè
bó tilẹ̀ jẹ́ pé ṣòkòtò náà kò já bọ́.
"Ọ̀la, bàbá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tàn án lọ́la."
Ó pẹ́ kó tó mi orí.

Lọ́jọ́ kejì, bọ́nẹ́ẹ̀tì tutù bí ìdí àmù.
Bàbá fúnra rẹ̀ ló kọ́ mi:
"Yí kọ́kọ́rọ́ lẹ́ẹ̀kan. Iná pupa kékeré yẹn, kà á dé eéje.
Má kánjú. Kò mọ̀ pé o ti pẹ́."
Ó wúkọ́. Ó tún wúkọ́.
Lẹ́ẹ̀kẹta, èéfín dúdú bú jáde, adìyẹ fọ́n ká,
ó sì bẹ̀rẹ̀: gbàgà-gbàgà-gbàgà.
Wàhábì ki ìdí sukudíráfà bọ etí, ó fi ẹnu rẹ̀ kan irin.
"Nọ́sù kan ń ṣòjòjò. Ọkàn rẹ̀ yè."

A nájà díẹ̀, nítorí kò sí bí a ṣe lè má nájà.
Mo kówó sílẹ̀. Ó kà á lẹ́ẹ̀mejì bí ẹni ń ka tíkẹ́ẹ̀tì,
ó yọ ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá padà fún mi, ó ní kí n fi yí epo.
Kò bi mí níbi tí mo ń gbé e lọ.

Ní Òkè-Baálẹ̀ nísinsìnyí, àwọn ọmọ ló ń bá mi kà á látẹ̀yìn,
ení, èjì, ẹ̀ta,
ẹni tó kéré jù a máa fo ẹ̀fà.
Tí a bá ń kọjá lójú irin, n kì í tẹ fèrè.
Kí a tó yọ ní kọ́nà ni bàbá ti wà lẹ́nu géètì, orín lẹ́nu.
Nọ́sù yẹn ṣì ń ṣòjòjò.
Ìyá mi ló ń jókòó lápá ọ̀tún.
Àga náà ń gbọ̀n ọ́n, ó ní ó ń dùn mọ́ eegun òun.