Ọmọ Ta Ni?

Kàdúná ni wọ́n bí mi sí; "ilé" ni mo ń wí.
Dáísí rẹ́rìn-ín lórí àpáta, ó ní, "Ulé."
Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo gbìyànjú, ahọ́n mi kọ̀,
ojú mi ò sì kúrò lẹ́nu rẹ̀.

Ìyá àgbà ń hun ẹní lọ́wọ́ ní Ògòtún,
wọn ò gbójú sókè:
"Ọmọ ta ni? Àdúgbò wo? Ta ló bí ìyá rẹ̀?"

Mo sáré lọ béèrè. Mo sáré bọ̀.

Wọ́n dáwọ́ dúró, wọ́n ń ka orúkọ àwọn òkú
díẹ̀díẹ̀, bí ẹni ń ṣa òkúta nínú ẹ̀wà.
Àyà mi ń já.

"Kò bá wa tan."
Wọ́n sún díẹ̀ lórí ẹní tí kò tíì parí.

Mo ti dé ẹnu ọ̀nà:
"Dáísí! Wọ́n ní kí o máa bọ̀ ní ulé!"