Àgbá Omi Eufemia

Òjò gidi kì í rọ̀ ní Lima.
Ìkùukùu ní í wọ́ wá láti ojú òkun,
á mú aṣọ orí okùn rin,
kò ní kún ife.

Orí òkè eléruku ni Eufemia Ccahuana ń gbé,
nínú ilé pákó tó fi páànù bò.
Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni ọkọ̀ agbómi ń gun òkè,
bó bá wu awakọ̀.
Àgbá kan, owó iṣẹ́ ààbọ̀ ọjọ́.
Wilber ọmọ rẹ̀ ní í dúró dè é,
torí ìyá ti jáde kílẹ̀ tó mọ́.
Ọjọ́ Ìṣẹ́gun náà ni olùkọ́ ń kọ́ wọn ní ìṣirò.
Nígbà tí èsì ìdánwò dé,
wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀: ọ̀lẹ ni.

Ẹ̀yìn ògiri ni ìyá ti ń ṣiṣẹ́,
ògiri tí wọ́n fi wáyà ẹlẹ́gùn-ún dé ládé.
Ẹyẹ a fò ó kí o tó ṣẹ́jú.
Eufemia a wọ bọ́ọ̀sì mẹ́ta.

Níbẹ̀, koríko ń mu omi lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́,
òun ló ń di rọ́bà mú.
Ajá ilé ní ọṣẹ tirẹ̀.
Owó omi oṣù kan gbáko níbẹ̀
kò tó owó àgbá mẹ́rin lórí òkè.
Mo tún un ṣírò;
mo ní bóyá èmi náà
ò lọ síléèwé lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun.

Onílé kì í ṣe ènìyàn burúkú.
Ó ń béèrè Wilber, ó ti fún un ní bàtà rí.
Ó fa tíì mu, ó ní,
"Bí Ọlọ́run ṣe dá a ni, Eufemia. Ìka ò dọ́gba."

Eufemia wo ọwọ́ rẹ̀ tí ọṣẹ ti bó.
Lóòótọ́, wọn ò dọ́gba.
Ṣùgbọ́n àtàǹpàkò kì í ta ẹ̀jẹ̀
fún ọmọńdinrín.
Kò sọ ọ́. Àwo wà nílẹ̀ tí yóò fọ̀.

Nírọ̀lẹ́, ó pọn omi sínú ike méjì,
ó fi súwẹ́tà bò ó nínú báàgì.
Lẹ́nu géètì, Nilo ẹ̀ṣọ́ ní kó tú u.
Nilo! Òkè kan náà ni wọ́n jọ ń gbé,
àgbá tirẹ̀ ti gbẹ láti ọjọ́ Àìkú.
Kámẹ́rà ń wò wọ́n láti òkè.
Ó ṣí ike, ó dorí rẹ̀ kodò
sídìí òdòdó onílé,
díẹ̀díẹ̀.
Kò wo ojú Eufemia,
Eufemia ò wo tirẹ̀,
omi ni àwọn méjèèjì ń wò.
Òdòdó náà ti yó tẹ́lẹ̀.